Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tẹkiníṣíànì ní ọ́fíìsì, báwo ni ọjọ́ iṣẹ́ yín ṣe ń lọ gan-an?

Àdùkẹ́_Ẹdẹ béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo parí ND nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ran ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe fotokọ́pì níbí l'Ẹ́dẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn pè mí, wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹkiníṣíànì lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ bí ogójì ló wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni màá máa bójú tó kọ̀ǹpútà, prínńtà, íntánẹ́ẹ̀tì, àti ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nídìí.

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ kan ni mo máa ń kojú lẹ́ẹ̀kan, tó bá sì ti le jù, màá pe ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tí mò ń lọ yìí, ta ni mo fẹ́ pè? Bàbá mi tún ń sọ pé iṣẹ́ ká máa gbé wáyà kiri ni, pé kí n dúró de iṣẹ́ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ mú ọjọ́ kan kẹ́ ẹ sọ bó ṣe lọ gẹ́lẹ́ fún mi, látìgbà tẹ́ ẹ wọlé títí tẹ́ ẹ fi tilẹ̀kùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣírí ni mò ń wá o, ohun tójú yín ń rí ni.

Ìyá_Ìbejì_Àpáta dáhùn:

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n la wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, prínńtà méje àti ẹ̀rọ fotokọ́pì ńlá méjì. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àná ni màá sọ fún ọ, nítorí kò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi.

Mo wọ Micra ní Àpáta láago 6:20, mo sì ti dé Dùgbẹ̀ kó tó di 7:10. Aago mẹ́jọ niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àádọ́ta ìṣẹ́jú yẹn ló ń gba ọjọ́ mi là. Iná ni mo kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ wò. Mo ní mítà kékeré kan nínú báàgì tí mo fi ń wọn iná ara ògiri kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan. Ó yẹ kó jẹ́ 230 fólítì. Àná, 174 ló gbé wá. Tí iná bá ti rẹ̀ tó báyẹn, stabilizer á máa ṣe kà-kà-kà, ẹ̀rọ fotokọ́pì ò sì ní gbóná tó bó ṣe yẹ. Ìwé tó bá jáde, tí o bá fọwọ́ rá a, ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ á máa ṣí mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn á ní tónà ni ò dáa, wọ́n á ra tuntun, owó á lọ, ìwé ò sì ní yé ṣí. Tónà ò jọ yíǹkì inú gègé. Lẹ́búlẹ́bú ni, bí àtíkè, ooru tó ń lọ sí bí ìwọ̀n 200 Celsius ló ń yọ́ ọ lẹ̀ mọ́ ìwé. Tí ooru ò bá tó, kò lè lẹ̀. Mo kọ bébà kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n má tàn án títí màá fi padà wá. Aago 8:30 niná padà sípò.

Láago 8:05, Màmá akápò ránṣẹ́ pè mí. Prínńtà wọn ń jẹ ìwé. Ìgbà òjò la wà, àbúrò, ìwé a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́. Wọ́n ti já rímù kan lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òjò ọjọ́ Àìkú ti rí i. Mo yọ èyí tó há, mo fi aṣọ tó ní omi díẹ̀ nu rọ́bà tó ń fa ìwé wọlé, mo já rímù tuntun, mo fẹ́ ẹ lọ́wọ́ kí àwọn ewé rẹ̀ lè yà kúrò lára ara wọn. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun kan tí o gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo èèyàn ibi tí ò ń lọ ni pé, tí ìwé bá há, ọ̀nà tó ń gbà lọ ni kí wọ́n fà á gbà, kí wọ́n má ṣe fà á padà sẹ́yìn. Fífà sẹ́yìn yẹn ló ń fa awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ibi ìgbóná ya, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé owó prínńtà mìíràn ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ kà rèé. Láago 9:40, íntánẹ́ẹ̀tì kú. Kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo ilé ni. Kọ̀ǹpútà kan ò rí èkejì mọ́, prínńtà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbọ́ràn. Wọ́n ń pe Ẹnjiníà láti yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mi ò bá ti sáré lọ pa gbogbo nǹkan, kí n tún tàn án, kí n wá pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, kí n bá wọn fa á. Àná, mo dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí switch wà nínú ẹ̀, ìyẹn àpótí oníhò tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, mo sì wo iná ara rẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, iná yẹn máa ń ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ṣẹ́, ìyẹn ṣẹ́, bí ìgbà táwọn èèyàn ń tàkúrọ̀sọ. Àná, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíákíá, láìsinmi. Mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹnì kan ti fi orí wáyà kan bọ switch, ó sì ti fi orí kejì wáyà kan náà bọ ọ́ padà. Ọ̀rọ̀ tó bá gba orí kan jáde á gba orí kejì wọlé, á tún jáde, á sì máa pọ̀ sí i títí ọ̀nà á fi dí pátápátá.

Níbo ló wà? Ibẹ̀ niṣẹ́ gan-an wà. Mo ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ èyí tó lọ sí yàrá ìpàdé, gbogbo iná náà rọlẹ̀. Ní yàrá ìpàdé, a ní switch kékeré kan lábẹ́ tábìlì. Mi ò pariwo. Mo lọ bá ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fọwọ́ kàn nínú yàrá ìpàdé láàárọ̀ yìí?" Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé wáyà kan ló ń ṣe jọ̀ọ́rọ̀ nílẹ̀, àwọn wá fi bọ ihò tó ṣófo kí ẹnikẹ́ni má baà kọsẹ̀. Oore ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo dúpẹ́, mo mú wọn lọ wò ó, mo ká wáyà yẹn kúrò, mo sì fi téépù dí àwọn ihò tó ṣófo. Láago 10:15, gbogbo ilé ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ gùn tó báyìí ni pé tí ìyá yẹn bá ń bẹ̀rù mi ni, wọn ò ní sọ. Màá sì fi gbogbo ọ̀sán wá a. Lọ́dún kejì mi, mo jágbe mọ́ ọmọ àgùnbánirọ̀ kan lójú gbogbo èèyàn nítorí pé ó fi fláàṣì tó ní kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) bọ kọ̀ǹpútà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, omi dà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fún un. Ó fi aṣọ nù ún, ó tàn án padà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ó pè mí, bátìrì ni mo kọ́kọ́ máa yọ, ká jẹ́ kó gbẹ dénú, bóyá à bá ti rí i gbà padà. Nígbà tí mo máa fi ṣí i, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ti jẹ gbogbo bàbà inú ẹ̀. Èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, "kí lẹ fọwọ́ kàn?" ni mo máa ń béèrè, mo sì máa ń béèrè ẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kí èèyàn.

Láàárín 11 sí 1, nǹkan wẹ́wẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kan ní ọdún 2015 la wà, kò sì gbà kí wọ́n wọ báńkì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú ẹ̀ tó ń bá a rántí ọjọ́ ló kú, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹnì kan gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Asín kan ti gé wáyà kan jẹ.

Ẹni tó ń to ìwé wa lójú kọ̀ǹpútà pè mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé Yorùbá fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń tò, gbogbo àmì ohùn sì ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ibòmíì di àpótí kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, nítorí àwọn ọmọ tiwa ló fẹ́ ka ìwé náà. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ tó ti gbé àmì sórí ò ní ààyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ọ̀tọ̀, àmì ọ̀tọ̀ ni, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ̀wé lójú kọ̀ǹpútà, ló máa to wọn léra. Tí àwọn tó ṣe fọ́ǹtì náà ò bá ro ti wa mọ́ ọn, àmì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. A pààrọ̀ fọ́ǹtì, a tún ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti kà á, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í.

Láago 3:20 ni Bàbá tó ń ka ìwé fún àṣìṣe lọ́dọ̀ wa wá bá mi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Fláàṣì wọn kọ̀, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́ (format) kí wọ́n tó lè lò ó. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sì ní òmíràn. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Wọ́n ní, "Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́." Mo ní kí wọ́n jókòó, mo fún wọn lómi. Tí irú ẹ̀ bá dé bá ọ, má kọ nǹkan kan sórí ẹ̀ mọ́, má sì tún un ṣe lórí ara ẹ̀. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ síbòmíràn ná, kó o wá máa wá nǹkan nínú ẹ̀dà yẹn. Fáìlì tí kọ̀ǹpútà ò rí mọ́ sábà máa ń wà níbi tó wà, ìwé àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibẹ̀ ló bàjẹ́, àyàfi tí nǹkan mìíràn bá ti gorí ẹ̀. Láago 5:50, fáìlì 212 ti jáde nínú 219. Bàbá mú ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n ṣàdúrà fáwọn ìbejì mi lórúkọlórúkọ. Méje tó kù ò tíì jáde. Ẹ̀dà náà ṣì wà lórí tábìlì mi, màá tún dán an wò lọ́la.

Mo tilẹ̀kùn láago 6:25.

Ẹnjiníà_Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ ọ́ tán, díẹ̀ ni màá fi kún un.

Àdùkẹ́, lọ́sẹ̀ tó o bá dé, lọ wo ìdí gbogbo UPS ọ́fíìsì yẹn, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ. Wàá rí ibi tí wọ́n ti fi prínńtà lésà bọ̀ ọ́. Yọ ọ́. Ibi ìgbóná tí ìyá sọ yẹn máa ń fa iná gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, UPS kékeré ò lè gbé e. Á máa han bí ọmọ jòjòló, á pa kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bátìrì rẹ̀ ò sì ní pẹ́ kú. Èèyàn á bá ọ jiyàn lórí èyí, pàápàá àwọn ọ̀gá. Mú sùúrù, fi hàn wọ́n.

Èkejì, ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan. Ọjọ́, yàrá, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó o ṣe. Èmi ò gbà pé orí lè gbé gbogbo ẹ̀. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan ní yàrá kẹrin máa ń kú ní gbogbo ọjọ́bọ̀ láago méjì, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń tan fíríìjì ìpàdé tó wà lójú iná kan náà. Láìsí ìwé, mi ò bá ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn.

Tí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì (IP address) bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìyẹn ni pé kò rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, ó wá fún ara ẹ̀. Wáyà tàbí ibi tó ti ń gba nọ́ńbà ni kó o lọ wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà náà. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ láti orí dé orí. Mo ti bá èyí tó gba ẹ̀yìn ilé yí po rí, wọ́n ní ìgbà míì ó ń ṣe, ìgbà míì kò ṣe.

Ọmọ_Lísàbi dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi wà l'Ábẹ́òkúta, ọdún mẹ́ta péré ni mo tíì lò lẹ́nu ẹ̀. Àdùkẹ́, ka kọ̀ǹpútà wọn kó o sì kọ èyí tó ṣì wà lórí Windows 10 sílẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft kásẹ̀ àtìlẹ́yìn rẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò sì lè gbé Windows 11. Sọ fún ọ̀gá rẹ lóṣù àkọ́kọ́ tó o bá dé ibẹ̀, nínú lẹ́tà, kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀ tí wọ́n á bi ọ́ pé ibo lo wà.

Nípa ti bàbá rẹ, bàbá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo tún kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe, wọn ò sọ ọ́ mọ́.

Àdùkẹ́_Ẹdẹ dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ka ti Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tiẹ̀ ka ibi ìyá tó ń gbálẹ̀ yẹn fún bàbá mi, wọ́n ní, "Ó mọ èèyàn lò." Wọn ò tíì ní kí n lọ o, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí pé ibo ni Dùgbẹ̀ wà sí ọ́fíìsì tí mò ń lọ.

Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni kí n kó sínú báàgì mi, nítorí owó ọwọ́ mi ò pọ̀? Èkejì, èmi nìkan ni màá wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá kọjá agbára mi ń kọ́?

Ìyá_Ìbejì_Àpáta dáhùn:

Ẹ bá mi kí bàbá o.

Ti agbára ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Sọ pé, "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ fún mi títí di aago méjì." Kí aago méjì tó lù, padà lọ bá wọn, ì báà jẹ́ pé o ò tíì rí i. Àwọn èèyàn lè farada pé ẹ̀rọ bàjẹ́, ohun tí wọn ò lè farada ni kí wọ́n má mọ ibi tí nǹkan dé. Wá ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, ẹ jọ máa pe ara yín. Èmi ń pe ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá tó kéré sí mi lọ́dún mẹ́wàá, torí ó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù mí lọ. Òun náà ń pè mí lórí fotokọ́pì. Tó bá kan iná tó ga, èyí tó wọlé láti ìta, má fọwọ́ kàn án rárá, oníṣẹ́ iná ni kí wọ́n pè. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ yẹn padà láé.

Báàgì: skrudráífà alágbélébùú kékeré àti ńlá, mítà tó ń wọn fólítì, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, aṣọ tí kì í tú òwú, tọ́ọ̀ṣì tí o lè dè mórí, bátìrì CR2032 mẹ́rin, fláàṣì méjì, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí o mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ti ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Kó o tó sọ pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, fi wáyà tìrẹ pààrọ̀ tiwọn wò. Ohun tí wọ́n fi ń fún orí wáyà mọ́ra (crimper) lè dúró, yá ti ẹlòmíràn ná.

Nígbà tí o bá fẹ́ ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Dùgbẹ̀, má wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ní kí wọ́n gé wáyà tó gùn tó ìka kan fún ọ, bó èèpo ẹ̀, kó o fi bíléèdì ha ara tín-ín-rín inú ẹ̀. Tó bá pupa dénú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́ pupa, wọ́n kàn fi bàbà bo àlúmíníọ̀mù ni, dá a padà fún wọn. Tí wọn ò bá jẹ́ kó o ha á, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.